Ta Ló Ní Ẹni Tó Padà Wálé Ti Kùnà?

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé a kì í rò ó mọ́ ká tó sọ ọ́. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ jókòó díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ ṣí WhatsApp àwọn tí ẹ jọ ka ìwé mẹ́wàá, ẹnì kan á ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ ò gbọ́ nípa lágbájá? Ó ti kó ìyàwó àtàwọn ọmọ padà sí Nàìjíríà o!" Kíá, ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí á ní wọ́n dá a padà ni, kò kàn fẹ́ jẹ́wọ́. Tọ̀hún á ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló ń pè é láti ìdí igi. Ìyá àgbà kan á mi orí, á ní ọkùnrin yẹn nílò àdúrà, torí níbo ni wọ́n ti ń rí i kí ẹni tó ti jáde nínú iná tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú iná? Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí: ìdílé tó bá gbé ìlú òyìnbó, tó wá padà wálé láìjẹ́ pé ọlọ́pàá tì í wọ bàálù, ti kùnà. Ó ti fi ọdún rẹ̀ ṣòfò, ó sì ti fi ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ó ti sú mi. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run ló fi rán wọn, kò sì sẹ́ni tó dúró béèrè pé ta ló fi ṣòfin.

Ká má rẹ́ wọn jẹ o. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn. Iná mànàmáná ń ṣe bó ṣe wù ú. Lọ́dún 2024 nìkan, gíríìdì iná orílẹ̀-èdè yìí dákú léraléra. Àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kejì ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n lò kí wọ́n tó wọlé. Náírà tí kò tó méjì ló ń ra pọ́ọ̀nù òyìnbó kan nígbà tí wọ́n gbé náírà jáde lọ́dún 1973. Lónìí, ẹgbẹ̀rún náírà kan ò rà á. Ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó lọ kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹlòmíì ta ilẹ̀, ẹlòmíì yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹlòmíì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Bí ó bá tún wá rí ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì gbà níkẹyìn, ó mọ̀ pé bí òun bá fi ọdún méjì gbáko sílé láìyọjú síbẹ̀, ìwé náà ti kú nìyẹn. Kí ló wá dé tí èèyàn ó fi da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Ìbéèrè gidi ni.

Mi ò ní já ọ̀kankan nínú rẹ̀ nírọ́. Ibi tí wọ́n gbé e dé ni mo bá wọn jà sí. Pé Nàìjíríà le, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Pé ẹni tó padà wá síbẹ̀ ti kùnà, ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Ẹni tó yẹ kó lọ àti ẹni tó yẹ kó jókòó kọ́ ni mo wá sọ níbí. Kálukú ló mọ ohun tó ń lé e.

Wọ́n ní kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí í ti ibi tó dára padà síbi tí kò dára. Ó dáa. Kí la fẹ́ sọ nípa João Esan da Rocha? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bahia nígbà tó ṣì kéré, ó gba òmìnira níbẹ̀, ó láya, ó bímọ. Ní nǹkan bí ọdún 1870, ó kó aya, ó kó Candido ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Bahia, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó. Èkó wo? Èkó tí kò ní iná mànàmáná, tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí ibà ń pa òyìnbó, tó ń pa aláwọ̀ dúdú. Ilé tó kọ́ sí òpópó Kakawa ni wọ́n mọ̀ sí Water House títí dòní, nítorí kànga tó wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ń ra omi. Àìsí omi kò lé bàbá yìí padà sí Brazil. Ó gbẹ́ kànga, ó sì ta omi rẹ̀. Candido, tí àwọn oníWhatsApp wa ìbá ní bàbá rẹ̀ ti ba ayé rẹ̀ jẹ́, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olówó Èkó ló yà.

Òun nìkan kọ́. Ẹ rìn yí Popo Àgùdà ká, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà sí Èkó, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú àwọn ilé ibẹ̀. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894: Àgùdà tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló kọ́ ọ, Sàró tí wọ́n bí sí Sierra Leone ló sanwó rẹ̀. Bí a bá yọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó padà kúrò nínú Èkó àtijọ́, kí ló kù tí àlejò ó máa ya fọ́tò níwájú rẹ̀?

Ẹ tún jẹ́ ká tọ ìdílé kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ó dé Freetown lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kàwé, ó di Samuel Crowther, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ayé gbà fún un. Ó lè jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Lọ́dún 1846, ó kó ìdílé rẹ̀ wọ Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti tún fojú kan ìyá tó bí i lọ́mọ, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Abigail ọmọ rẹ̀ fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859. Ọmọ àwọn ni Herbert Macaulay. Herbert lọ sí Plymouth lọ́dún 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà sí Èkó lọ́dún 1893, ó wá di egungun ẹja sí ìjọba amúnisìn lọ́fun. Nínú àwọn àtọmọdọ́mọ Herbert ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti jáde. Òun náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní ilé ìwòsàn Hammersmith, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí wọ́n gbé aláìsàn Ebola dé iwájú rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2014, tí àwọn aláṣẹ Liberia ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́. Àrùn náà mú òun náà, ó sì kú ní oṣù kẹjọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola.

Bàbá ńlá padà, ọmọ-ọmọ padà, àtọmọdọ́mọ padà. Èwo nínú wọn ló kùnà? Ta ló sì mọ iye wa tó wà láàyè lónìí, tí à ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fi àwọn tó padà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé obìnrin kan kò dúró sí Lọ́ńdọ̀nù?

Wọ́n á ní ayé ọjọ́un yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́: tiwọn le ju tiwa lọ. Wọ́n á ní àwọn ìyẹn ti oko ẹrú bọ̀ ni, àwa fi ẹsẹ̀ ara wa lọ. Ṣé ẹni tó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹsẹ̀ kan náà bọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí àwọn ẹni ńlá, ká wá sọ́dọ̀ àwọn èèyàn bíi tèmi tìrẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ méjì lọ sí Salford, lẹ́bàá Manchester. Ọkọ ń gbé páálí ẹrù lójúmọmọ ní wíáháòsì, ìyàwó ń ṣe kéà lóru, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí èyí bá ń wọlé ni tọ̀hún ń jáde. Ìwé péńpé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà tó fi hàn mí: "Bàbá Ṣadé, ikọ́ ń ṣe àbúrò. Oògùn wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ ọbẹ̀ síta kó yọ́. Ẹ má gbàgbé owó gáàsì. A ó ríra lọ́jọ́ Sunday." Tọkọtaya ni wọ́n o, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé.

Owó tí wọ́n ń pa kì í ṣe kékeré, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye tó ń jáde. Láti oṣù kejì ọdún 2024, 1,035 pọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń san lọ́dún fún owó ìtọ́jú ìlera nìkan kí wọ́n tó rí físà gbà, 776 ni tọmọdé. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì: 3,622 pọ́ọ̀nù fún ọdún kan, gbogbo iye ọdún tí físà bá sì jẹ́ ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe owó físà o. Kì í ṣe owó-orí tí wọ́n ń yọ lójú owó oṣù. Àwọn tó ń sọ pé "ẹ sáà kó ara yín lọ, ẹ má bojú wẹ̀yìn" ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí ọ̀rẹ́ mi gbà wọlé ti pa dé. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Oṣù kẹta ọdún yẹn ló kan àwọn oníṣẹ́ kéà.

Ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ lo ọdún díẹ̀, wọ́n fi owó pamọ́, wọ́n kọ́ ilé sí Akóbọ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n padà. Ní ọjà Bódìjà, obìnrin kan tó ń ta ata ki ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dáadáa: "Ẹ kú àbọ̀ o, ìyàwó wa. Ìgbà wo lẹ wá ń padà?" Ó ní àwọn ti dé pátápátá ni. Ìyá aláta dákẹ́, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó á dáa." Irú "ó á dáa" tí à ń sọ fún ẹni tó ṣòfò.

Òfò wo? Obìnrin yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin n'Ìbàdàn lónìí bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn kí egbò má bàa dé sí i ní ìdí, bí wọ́n ṣe ń gbé àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀yìn tiwọn náà kán. Àwọn ìdílé tí bàbá tàbí ìyá wọn ti dùbúlẹ̀ ń sanwó fún un. Salford ló ti kọ́ ọ, lára àwọn ìyá onìyàá. Ní gbogbo àkókò tó fi ń wẹ̀ fún àwọn ìyá onìyàá wọ̀nyẹn, ìyá tirẹ̀ wà l'Ẹ́dẹ pẹ̀lú àrùn rọpárọsẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n gbà tì í. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ẹbí ń sọ fún un lórí fóònù? "Má wàhálà láti wá o, owó ni kó o máa fi ránṣẹ́." Lónìí, ọwọ́ tó kọ́ iṣẹ́ lára ìyá onìyàá ti dé ara ìyá tó ni ín, ìyá náà sì ṣì ń fi oríkì pè é láàárọ̀. Bí èyí bá ń jẹ́ ìjákulẹ̀, mi ò mọ ohun tí à ń pè ní àṣeyọrí.

Ta ló lọ sóko láàárọ̀ tí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ torí pé ó ti oko dé nírọ̀lẹ́?

Ó wá kan àwọn ọmọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí bí gbogbo àwíjàre bá tán. "Bó bá tiẹ̀ wu ìwọ láti padà, kí làwọn ọmọ ṣe?" Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìlú òyìnbó ní í tọ́ ọmọ, pé bí a bá ti gbé ọmọ síbẹ̀, iṣẹ́ òbí ti parí. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Láti bí ọdún 1955 lọ títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó lọ kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì kò rí àyè tọ́ ọmọ. Iṣẹ́, ìwé àti yàrá kan ṣoṣo kò jẹ́. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá òyìnbó tó máa bá àwọn wo ọmọ, wọ́n sì ń kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu fún àwọn àjèjì ní Kent, ní Sussex, ní Essex, wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ mìíràn kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́ nígbà tó wá mú un. Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, wà nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìlú Tilbury ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó di ọmọdékùnrin Yorùbá tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ afáríkodoro tó kórìíra aláwọ̀ dúdú rìn, ó ń wá bí òun náà ó ṣe di funfun. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn yẹn ṣe fíìmù tó pè ní Farming, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn lọ́dún 2018. Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ibi tí nǹkan gbogbo ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ìdàkejì, Fẹlá lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Rẹ̀mí, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Yẹni lọ́dún 1961 àti Fẹ́mi lọ́dún 1962. Lọ́dún 1963, ó kó wọn wálé. Òótọ́ ni pé ojú àwọn ọmọ náà rí nǹkan ní Èkó, ojú bàbá wọn rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni Fẹ́mi ìbá ti rí ohun tó ń fọn láti inú fèrè rẹ̀ káàkiri àgbáyé? Tá a bá ní kí Yẹni yàn, ṣé yóò ní kí bàbá òun fi òun sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n bí òun sí?

Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi náà kò kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Èyí àgbà sunkún torí pé olùkọ́ na gbogbo kíláàsì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń sín èdè imú tó ń sọ jẹ. Bàbá rẹ̀ lọ bá olùkọ́ yẹn, wọ́n sọ ọ́ tán. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ń bá ìyá àgbà l'Ẹ́dẹ jiyàn, ní Yorùbá, lórí iye ẹran tó kàn án. Ọmọ tó bá sì ti ní ìwé ọmọ-ìlú òyìnbó lọ́wọ́ kò lè pàdánù rẹ̀ torí pé ó jẹun n'Ìbàdàn. Bó bá dàgbà tó fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Yóò mọ ibi tó ti ń lọ.

Ó wá ku ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: àwọn wo gan-an ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí?

Mo ti fetí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń jẹ nínú owó tó ń wá. Nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún kan. Owó ilé ìwé ni, owó ìwòsàn ni, owó àwẹ̀ àti owó ọdún ni. Mi ò bú ẹni tó ń gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò bá ní ẹ̀gbọ́n òun "ò gbọdọ̀ padà," ẹ jẹ́ kó sọ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àlàáfíà ẹ̀gbọ́n kọ́ ló ń wá. Ó ń bẹ̀rù pé ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, òun náà ó wá iṣẹ́ ṣe. Ẹ wò ó: ènìyàn méjì tí wọn kì í ríra àfi lọ́jọ́ Sunday, tí ẹbí mẹ́jọ ń jẹ lára wọn, ni a wá ń pè ní aláìnírònú torí pé wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tó fẹ́ lọ. Tiwọn yé mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ti ta mọ́tò, tó ti san owó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan débẹ̀ tó sì ní ilé wu òun jù. Ìròyìn yẹn ń ba àlá rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ẹni tó padà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀lẹ, tàbí wèrè, tàbí ọ̀daràn.

Ohun tí ìwà yìí sì ń bí, ẹ ò rí i ni. Àwọn ọkùnrin wà ní Peckham àti ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti fi ogún ọdún sá fún ọlọ́pàá, wọn ò ní páálí, wọn ò fojú kan ọmọ tí wọ́n fi sílé títí ọmọ fi gbéyàwó. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò padà. Wọn ò ní dárúkọ iná NEPA, wọn ò ní dárúkọ ajínigbé. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn nílé?" ni wọ́n ó dá yín lóhùn. Ìtìjú ló dè wọ́n mọ́lẹ̀ síbẹ̀, àwa la sì ń rọ ìtìjú náà bí ẹní rọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pẹ̀lú ẹnu wa, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà mo tún un sọ: ìpadàbọ̀ kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ìdílé tó lọ, tó ṣiṣẹ́, tó kọ́ ohun tó rí kọ́, tó ka owó rẹ̀, tó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀, tó wá ní ilé yá, ti parí ohun tó bá lọ. Kò jẹ ìyá aláta lálàyé, kò jẹ àbúrò lálàyé, kò jẹ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ka ìwé mẹ́wàá lálàyé. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá kó wá sí àdúgbò yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n nígbà tí wọ́n ń padà. Ibi tí wọ́n ń padà sí ni wọ́n dé yẹn. Ẹ kí wọn kú àbọ̀, ẹ júwe onísólà tí kì í ṣe jìbìtì fún wọn, kí ẹ sì gbé ẹnu yín kúrò lọ́rọ̀ wọn.